Oṣù Méjìlá, Ojú Fọláyọ̀ Nìkan

Láti Bọ́ńdárì ní Àjégúnlẹ̀ títí dé ẹnu géètì wọ́ọ̀fù tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já ẹrù, kò sí dígí kan tí Fọláyọ̀ kò tíì wo ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Dígí ọkọ̀ àjàgbé, dígí fèrèsé báńkì, dígí tó wà lójú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, kódà omi òjò tó bá dúró jẹ́ẹ́ sójú títì, gbogbo wọn ló fi ń wo bí fìlà ṣe jókòó sí. Bó bá tẹjú mọ́ ọ tó ń mi orí, má rò pé ọ̀rọ̀ rẹ ló wọ̀ ọ́ lára. Òjìji ara rẹ̀ ló ń wò nínú ẹyinjú rẹ.

Kí ló wà lójú náà gan-an? Ojú bíi ti gbogbo èèyàn ni: imú kan, ẹnu kan, irùngbọ̀n tó hù síbì kan tó kọ̀ láti hù síbì kejì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un kó gbà.

Àjégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀, mùsùlùmí ará Ìsẹ́yìn, ń ru àpò sìmẹ́ńtì ní wọ́ọ̀fù. Ìyá rẹ̀, ọmọ ìjọ láti ilẹ̀ Ìlàjẹ, ń ta gààrí. Yàrá tí wọ́n ń gbé kún débi pé bí ẹnì kan bá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà lójú oorun, àfi kí gbogbo wọn jọ yí i lẹ́ẹ̀kan náà. Abẹ́ apá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Fọláyọ̀ ń sùn sí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní kékeré sọ pé ibẹ̀ ni àrùn náà ti bẹ̀rẹ̀, pé ọmọ tí kò sẹ́ni tó ń rí ojú ẹ̀ ló dàgbà tó fẹ́ kí gbogbo ayé rí i. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà sùn nínú yàrá kan náà, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó ya wèrè.

Nígbà tó dàgbà, ó di ejẹ́ntì, ìyẹn àwọn tó ń bá oníṣòwò sáré ìwé kiri títí ẹrù wọn á fi jáde ní wọ́ọ̀fù. Iṣẹ́ gidi ni fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe. Fọláyọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe díẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n sọ púpọ̀. Lábẹ́ páànù kan ní Liverpool Road, láàárín àwọn ọkọ̀ àjàgbé, níbi tí àwọn ejẹ́ntì ti máa ń ṣèpàdé, ibẹ̀ ló ti máa ń ròyìn bí òun ṣe fi gbólóhùn kan ṣoṣo gba odindi ẹrù ọkọ̀ ojú omi jáde, tí àwọn kọ́ńtẹ́nà sì ń tọ òun lẹ́yìn bí àgùntàn.

Lọ́dún 1990, bí òjò ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀, alága ẹgbẹ́ wọn, Alhaji Láwàlì, kéde pé ọdún kan sí i lòun máa lò kí òun tó fipò sílẹ̀, nítorí orúnkún ń yọ òun lẹ́nu. Ipò alága kì í ṣe ohun kékeré. Alága ni àwọn aṣọ́géètì kì í dá dúró. Òun ni àwọn ọ̀gá ń fún ní àga. Bó bá wọlé, gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ dákẹ́ ná. Ohun tí Fọláyọ̀ ti ń wá láti ọmọdé nìyẹn, kó wọlé kí ilé dákẹ́. Ó dìde, ó gbá agbádá sẹ́yìn, ó ní òun ló kàn.

Alhaji Láwàlì wò ó bí ẹni tó rí eṣinṣin lórí ọbẹ̀.

"Fọláyọ̀, ta ló mọ̀ ẹ́?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, Alhaji."

"Èmi mọ̀ ẹ́ torí pé o kì í dákẹ́. Ojú alága, ojú tó ń ṣí géètì ni. Tìẹ yìí, ajá ilé yín gan-an ṣì ń gbó ẹ."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, àwọn tó ń kan ọkọ̀ ní Snake Island, lódìkejì omi, dá òòlù dúró kí wọ́n lè gbọ́ ọ dáadáa. Fọláyọ̀ jókòó. Ó gbàgbé láti kó agbádá rẹ̀ mọ́ra, ó jókòó lé e lórí.

Nígbà tó délé, ó gbé oúnjẹ tì, ó ń wo ògiri. Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, ti ilé ọtí wà níbẹ̀, ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bàbá rẹ̀ náà wà níbẹ̀, tí wọ́n to ojú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sí wínníwínní bí ẹ̀wà tí wọ́n dà sórí àtẹ. Ó rò ó wò. Kò sí yàrá kan ní Àjégúnlẹ̀ tí kò ní kàlẹ́ńdà. Àwọn kan ò ní bẹ́ẹ̀dì, àwọn kan ò ní ilẹ̀kùn tó ṣeé tì, ṣùgbọ́n wọ́n ní kàlẹ́ńdà. Fọláyọ̀ fọwọ́ gbá itan. Òun á ṣe tòun, olójú-ewé méjìlá, oṣù kọ̀ọ̀kan lójú-ewé tirẹ̀, kò sì ní sí ojú ẹlòmíràn níbẹ̀ àfi tòun. Kí ọdún tó yípo, kò ní sí ẹni táá tún lè bi òun léèrè pé ta ló mọ òun.

Gbénró, tó ní ṣọ́ọ̀bù fótò ní Bọ́ńdárì, ló ya àwọn àwòrán náà. Lójú Gbénró, gbogbo ẹni tó bá ti jókòó síwájú kámẹ́rà, ọ̀bọ ni, nítorí náà àwọn méjèèjì rẹ́ dáadáa. Ó ní àwọn kọ́tínì ńláńlá tí wọ́n ya nǹkan sí: ọkọ̀ òfuurufú, àtẹ̀gùn ilé olówó tí kò gòkè lọ síbì kankan, ọgbà òdòdó tí irú òdòdó inú ẹ̀ kò tíì hù láyé. Fọláyọ̀ yá kóòtù akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan fún oṣù kìíní. Ní oṣù kẹta, tí ààwẹ̀ máa bọ́ sí, ó wọ kàfùtáànì, ó mú tẹ̀sùbáà dání. Ní oṣù kẹfà, ó gbé tẹlifóònù sétí, wáyà rẹ̀ ń fì dirodiro nínú afẹ́fẹ́. Ti oṣù keje, ó ní àfi kí wọ́n ya òun lójú omi, kí àwọn apẹja Marine Beach lè mọ̀ pé tiwọn lòun. Ṣùgbọ́n omi ń bà á lẹ́rù. Orí iyanrìn ni wọ́n gbé ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan sí fún un, ó jókòó sínú ẹ̀, ó ń fi àjẹ̀ wa iyẹ̀pẹ̀, àwọn apẹja sì dúró wò ó títí ẹja fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

"Rọra mí," Gbénró wí. "Ò ń fẹ imú bíi màlúù tó rí ọ̀bẹ."

Ó kó àwọn àwòrán náà lọ bá atẹ̀wé ní Ṣómólú. Atẹ̀wé náà yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó bá a kẹ́dùn, ó ní ọmọ ọdún mélòó ni olóògbé kó tó lọ. Fọláyọ̀ ní òun ni. Atẹ̀wé wo àwòrán, ó wo Fọláyọ̀, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká ríbi, ó sì bi í léèrè irú bébà tó fẹ́. Fọláyọ̀ ní èyí tó dára jù: tó nípọn, tó ń dán, tí omi kò lè tètè rin. Lábẹ́ gbogbo ojú-ewé, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: FỌLÁYỌ̀, OJÚ TÓ Ń ṢÍ GÉÈTÌ.

Títà ló tà á. Ó lóun ò lè fún èèyàn lójú òun lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn awakọ̀ àjàgbé bá a gbé e lọ sí Kánò, wọ́n bá a gbé e dé Onitsha, wọ́n ní ó dé ìlú kan tí wọn ò tíì gbọ́ pé òkun wà. Ní Àjégúnlẹ̀, àwọn ìyá ọmọ iléèwé rà á, àwọn télọ̀ rà á, àwọn ẹlẹ́ja Marine Beach fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lé e lórí. Fọláyọ̀ ka gbogbo rẹ̀ sí ìfẹ́. Kò kíyè sí i pé ọwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń pa bébà náà wò kí wọ́n tó yọwó, wọn kì í wo àwòrán.

Oṣù kìíní parí. Ní Àjégúnlẹ̀, bí oṣù bá ti parí, wọn kì í ṣẹ́ ojú-ewé rẹ̀ sẹ́yìn, yíya ni wọ́n ń ya á. Wọn kì í sì í jù ú nù. Òun ni wọ́n fi ń bo ìwé ọmọ iléèwé, òun ni wọ́n fi ń tẹ́ inú àpótí aṣọ, òun ni wọ́n fi ń di ẹja. Ọmọ tó bá ti lè rìn ládùúgbò yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Fọláyọ̀ tí wọ́n bí síbẹ̀, tó fi irú bébà yẹn bo ìwé ìṣirò tirẹ̀ rí, kò rò ó láé pé ojú òun náà, bébà ni.

Ọmọ iléèwé ló kọ́kọ́ pàdé, ìwé lábẹ́ apá, ojú Fọláyọ̀ lẹ́yìn ìwé, ẹnì kan ti fi bírò ya ìwo sí i lórí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ọmọdé pàápàá fẹ́ràn òun. Lẹ́yìn náà ló dé ìpàdé, tó bá Alhaji Láwàlì níbi tó ti ń tú ẹja yíyan. Òróró ẹja ti ràn mọ́ kóòtù akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, egungun kan dúró ṣánṣán nínú ihò imú àwòrán náà.

"Háà, Fọláyọ̀," Alhaji ní, "o ti dé ṣáájú. A ti ń jẹun lórí ẹ."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Bébà Ẹja. Àwọn aṣọ́géètì tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ wá mọ̀ ọ́n dáadáa. Bó bá ń bọ̀ lókèèrè, wọ́n á máa fa afẹ́fẹ́ símú, wọ́n á ní ẹja ń rùn.

Ẹlòmíràn á fi mọ níbẹ̀. Fọláyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, ó ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń lo kàlẹ́ńdà. Á wọ yàrá oníyàrá, á lọ tààrà sídìí ògiri, á ka ojú-ewé, á wá bá wọn wí pé ẹ má ya á, ẹ ṣẹ́ ẹ sẹ́yìn, odindi ọdún ni mo tà fún yín, kì í ṣe oṣù kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ní àwọn ti gbọ́. Bó bá ti jáde, wọ́n á ya á. Obìnrin kan bi í bóyá Fọláyọ̀ fúnra rẹ̀ lòun máa ṣẹ́ sẹ́yìn bí oṣù bá parí. Ọkùnrin kan ní kí ó kúkú máa wá sùn sídìí ògiri náà kó lè máa ṣọ́ ara rẹ̀. Lójú Fọláyọ̀, òpè ni gbogbo wọn, èèyàn tí kò mọyì nǹkan ẹ̀yẹ. Ó sọ ọ́ sí wọn lójú bẹ́ẹ̀, ní ilé wọn, lórí ẹní wọn.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó lọ sí Marine Beach láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ojú òun sí níbẹ̀. Ẹni tó bá níbẹ̀ ni Regina, tó ń yan ẹja lẹ́bàá omi. Ejẹ́ntì ni ọkọ rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Monday, tí òun àti Fọláyọ̀ jọ wà lẹ́gbẹ́, jẹ́jẹ́ bí omi inú àmù. Regina ń di ẹja fún oníbàárà, oṣù keje ló sì fi ń dì í: Fọláyọ̀ nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, tó ń wa iyẹ̀pẹ̀.

Kò kí èèyàn. Ó já ẹja náà gbà lọ́wọ́ oníbàárà, ó dà á sílẹ̀ nínú iyanrìn, ó ń fi etí agbádá nu bébà náà.

Regina kò tilẹ̀ dìde. "Bọ̀dá Fọláyọ̀, ẹja tí mo ti tà lẹ dà nù yẹn o."

"Ojú mi lo fi ń di ẹja? Ojú alága ọ̀la?"

"Bébà ni mo rà. I no buy face. Tí ẹ ò bá fẹ́ kí n lo ojú yín, ẹ̀ bá ti tà á fún mi lófìfo."

Àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi láti Snake Island bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ló ti Fọláyọ̀ kọjá ibi tó yẹ kó dúró. Ó ní Regina ti yan ara rẹ̀ mọ́ ẹja, pé èéfín ti sè é gbẹ. Ó ní ọkọ rẹ̀ ńkọ́, ta ló mọ̀ ọ́n, ọkùnrin tí kò ní àwòrán kankan láyé ju èyí tó wà lára páàsì tí wọ́n fi ń wọ wọ́ọ̀fù lọ.

"Kò burú," Regina wí. "Ẹ ti sọ ọ́." Ó ṣa ẹja rẹ̀, ó gbọn iyanrìn kúrò lára rẹ̀, ó fún oníbàárà ní òmíràn.

Kí Fọláyọ̀ tó dé Liverpool Road, ọ̀rọ̀ náà ti jókòó síbẹ̀ dè é. Monday ò bá a jà. Ó kí i bó ṣe máa ń kí i, ìyẹn ló sì bí àwọn yòókù nínú jù. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní Monday làwọn fẹ́ kó dupò alága. Monday ní òun ò mọ nǹkan tí wọ́n ń ṣe nípò alága. Wọ́n ní kò burú, wọ́n á kọ́ ọ. Inú Fọláyọ̀ dùn gidigidi. Nínú gbogbo ẹni tó lè bá a du ipò, ó ní Monday ni wọ́n rí, Monday tí ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kì í mọ ti òsì.

Oṣù kejìlá dé. Lọ́dún náà, títò ni ìjọba gan-an ní kí wọ́n fi máa dìbò: ẹni tó bá fẹ́ ẹnì kan á lọ tò sẹ́yìn àwòrán rẹ̀. Ẹgbẹ́ ejẹ́ntì ní àwọn náà ò ní ṣe é yàtọ̀, kí olúkúlùkù mú àwòrán ara rẹ̀ wá. Nígbà tí Fọláyọ̀ gbọ́ bẹ́ẹ̀, ó jó nínú yàrá rẹ̀. Àwòrán ni wọ́n pè é yẹn. Àwọn èèyàn yìí ti gbé ìbò náà fún òun láìmọ̀.

Ó mú oṣù kejìlá wá, agbádá funfun, igi Kérésìmesì oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kàn án mọ́ òpó kan lábẹ́ páànù. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe tóbi tó débi pé àwọn tó ń kọjá nínú ọkọ̀ àjàgbé ń yọrí wò ó. Monday mú fótò páàsì rẹ̀ wá, kò ju èékánná lọ, kò sì ní gọ́ọ̀mù. Wọ́n bu èbà nínú oúnjẹ ẹnì kan, wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó kejì. Alhaji Láwàlì ní láti tọ́ka sí i kí wọ́n tó mọ̀ pé èèyàn ló wà níbẹ̀.

Wọ́n dìde. Gbogbo wọn ló gba iwájú àwòrán ńlá náà kọjá, àwọn mìíràn kí i bí wọ́n ti ń lọ, wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́ o, Bébà Ẹja, wọ́n lọ tò sẹ́yìn èékánná. Ìtò náà jáde lábẹ́ páànù, ó yí ọkọ̀ àjàgbé kan po, ó tún padà wọlé. Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn agbádá funfun.

"Fọláyọ̀," Alhaji Láwàlì ní, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀, "ìwọ náà ò ní tò? Wá tò sẹ́yìn Monday, ká parí ẹ̀ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa rántí."

Ọ̀nà àbáyọ nìyẹn. Ọlọ́gbọ́n á sáré gbà á. Fọláyọ̀ wo ìtò gígùn náà, ó wo ẹ̀yìn ọrùn wọn, ó rin lọ sídìí òpó tirẹ̀, ó sì dúró sẹ́yìn ara rẹ̀, òun nìkan. Wọ́n ka Monday títí. Wọ́n wá ka Fọláyọ̀. Bí wọ́n ti ń kà á, kò ronú kan ìbò mọ́. Ọrùn agbádá inú àwòrán ló ń wò. Ó wọ́ sápá kan, Gbénró òmùgọ̀ sì rí i bẹ́ẹ̀, ó yà á.

Àwọn kan retí pé á kó lọ sí Ìsẹ́yìn. Kò kó lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Alhaji Láwàlì ni. Ó ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀, ó jókòó, ó fọwọ́ ra orúnkún, ó béèrè àlàáfíà ilé, ó béèrè ti ọ̀nà. Nígbà tó ṣe, ó ní òun náà ti fipò sílẹ̀ báyìí, àwọn èèyàn sì máa ń tètè gbàgbé. Ó ní atẹ̀wé Ṣómólú yẹn, ṣé ó lè gba ojú èèyàn bíi tòun mọ́ kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀, pàápàá oṣù kìíní.

Lẹ́yìn Alhaji, àwọn èèyàn ò dẹ́kun wíwá mọ́. Ẹni tó kí Bébà Ẹja lọ́jọ́ ìbò wá, ó ti gẹ irun. Ẹni tó ní kó wá sùn sídìí ògiri wá, ó mú fìlà méjì wá kí Fọláyọ̀ bá òun yan ọ̀kan. Gbogbo wọn ló ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó wá ra oògùn ìtìjú. Inú Fọláyọ̀ kò dùn sí wọn. Ó ti rò pé òun nìkan ni ojú ara rẹ̀ dùn mọ́ tó bẹ́ẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó fi dá yàtọ̀ nìyẹn. Àṣé gbogbo àwọn aláìlójú wọ̀nyí ni. Ó gba iṣẹ́ wọn, ó sì kẹ́gàn wọn bó ti ń gbà á. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di Fọláyọ̀ Kàlẹ́ńdà, tó fi iṣẹ́ ejẹ́ntì sílẹ̀, tó sì ń ṣe kàlẹ́ńdà títí tí ọ̀rúndún fi fẹ́ yípo, èèyàn méjìlá lọ́dún, kò sì sí ọdún tí wọn ò jà sí oṣù kìíní.

Ṣùgbọ́n lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, ẹni tó kẹ́yìn dé ni Monday. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ tí kò bára mu.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "àwọn kan ní alága ò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn níbẹ̀."

Fọláyọ̀ ní gbogbo oṣù ti lọ.

"Kò síbì kankan? Ibi tí wọ́n á ti tètè rí mi ni mo fẹ́, ẹ̀gbọ́n."

Fọláyọ̀ wo ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Alága nìyí. Ẹni tí géètì ń ṣí fún. "Iwájú pátápátá ló kù," ó ní. "Ojú-ewé tó bo gbogbo rẹ̀. Kò ní sí ọjọ́ kankan lábẹ́ rẹ̀ táá dí ọ lọ́wọ́. Ìwọ nìkan, gàdàgbà."

Monday dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì. Ó ní òun ò mọ bóun ṣe máa dúpẹ́, lẹ́yìn gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tó dìde, ó béèrè bóyá kí òun rẹ́rìn-ín nínú àwòrán náà tàbí kí òun le ojú.

Fọláyọ̀ ní kó ṣe èyí tó bá wù ú. Ojú tí wọ́n máa ya kúrò láàárọ̀ ọjọ́ kìíní ọdún kí wọ́n lè rí oṣù kìíní, ẹ̀rín rẹ̀ àti líle rẹ̀, ọ̀kan náà ni.